Ta Ní Ń Ka Àpilẹ̀kọ Kí Jọ́nà Tó Gbé E Jáde?

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, mẹ́rin ló dá lórí ohun kan náà, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn jọ́nà ìmọ̀ (ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ iṣẹ́ wọn sí) ń gbà yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní ọdún 1975, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara bẹ̀rẹ̀ ní Màlété ní 2009, tí Landmark sì tẹ̀lé e ní Òmù-Àrán ní 2011, agbo ilé tó ní ẹni tó ń retí èsì láti ọ̀dọ̀ jọ́nà ń pọ̀ sí i ní ìpínlẹ̀ wa. Mo ti jẹ́ òǹkọ̀wé, mo ti jẹ́ olùyẹ̀wò, mo sì ti ṣe olóòtú jọ́nà rí. Nítorí náà, n óò dáhùn láti inú ohun tí ojú mi rí àti ohun tó wà ní àkọsílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní gúúsù Kwara. Mo ṣe àyẹ̀wò omi kànga mẹ́fà ní Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, mo sì fi àpilẹ̀kọ tí mo kọ lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà kan. Oṣù márùn-ún kọjá kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Olùyẹ̀wò kìíní kọ ìlà mẹ́rin, ó ní iṣẹ́ náà dára. Ìkejì kọ ojú ìwé mẹ́ta: ó ní kànga mẹ́fà kò tó láti fi sọ̀rọ̀ nípa ìlú méjì, ó ní ìgbà òjò nìkan ni mo bu omi, n kò dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olóòtú wá ní kí n ṣe àtúnṣe ńlá. Ó jọ pé ẹni kejì yìí kórìíra mi. Ṣé kí n gbé iṣẹ́ mi lọ sí jọ́nà mìíràn?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ má tíì gbé e lọ sí ibi kankan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún yẹn, nítorí mo gbà pé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ojú tí ẹ fi ń wo ìwé olùyẹ̀wò kejì yóò yí padà.

Bí àpilẹ̀kọ bá dé, ọwọ́ olóòtú ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Olóòtú yóò wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí jọ́nà náà wà fún ni iṣẹ́ yìí ń sọ, bóyá ó pé láti orí àṣamọ̀ títí dé àkójọ ìwé ìtọ́kasí, bóyá kì í ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n dà kọ, àti bóyá àwọn tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi lọ́wọ́ wọn fi tinútinú yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ló ń parí ìrìn wọn síbẹ̀, tí olùyẹ̀wò kankan kò ní fojú kàn wọ́n láéláé. Ti yín kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni olóòtú yóò máa wá àwọn tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dunjú. Méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, nígbà mìíràn mẹ́ta. Wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé tàbí ọ̀tá rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ibí yìí ni oṣù ti ń lọ. Mo rántí àpilẹ̀kọ kan tí mo kọ̀wé sí ènìyàn mẹ́sàn-án lé lórí kí n tó rí méjì: àwọn kan kò fèsì rárá, àwọn kan ní ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba gbogbo àsìkò àwọn, ẹnì kan sì gbà, ó wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ó tó ní òun kò lè ṣe é mọ́. Òǹkọ̀wé kò rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ohun tí òun mọ̀ kò ju pé jọ́nà kò dá òun lóhùn lọ.

Olùyẹ̀wò tó bá gbà yóò ka iṣẹ́ náà, yóò kọ ohun tó rí fún òǹkọ̀wé, yóò sì lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí olóòtú nìkan yóò rí. Ìmọ̀ràn ni gbogbo rẹ̀. Olóòtú ló ni ìdájọ́, kì í sì í ṣe pé yóò ka iye ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti iye ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é. Ó lè gba iṣẹ́ náà bó ṣe wà, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ó lè béèrè àtúnṣe díẹ̀ tàbí àtúnṣe ńlá. Ó sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Àtúnṣe ńlá tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀. Olóòtú tí kò bá fẹ́ iṣẹ́ kan kì í tún fi àsìkò olùyẹ̀wò ṣòfò lé e lórí lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ìkórìíra tí ẹ sọ, mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ẹni tó mọ kànga. Nígbà òjò, àgbàrá a máa gbé ìdọ̀tí láti ojúde àti láti ẹ̀bá ṣáláńgá wọ inú kànga tí wọn kò fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a máa fà lọ sísàlẹ̀, àwọn èròjà tó ti yòrò sínú rẹ̀ yóò sì ki sí i. Kànga kan náà lè fún yín ní èsì méjì tó jìnnà síra nínú ọdún kan. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé omi kànga Òmù-Àrán rí báyìí, láì sọ oṣù wo, ẹni tó bá gbé ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti fi ṣètò omi fún àwọn ènìyàn lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ohun tí ẹni yẹn ń dáàbò bò nìyẹn, ó sì ń dáàbò bo orúkọ yín pẹ̀lú.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Bí agbára bá wà, ẹ padà lọ bu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi kànga kún kànga. Ẹ kọ̀wé sí olóòtú pé ẹ nílò oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, ọ̀pọ̀ olóòtú ni yóò gbà. Bí agbára kò bá sí, ẹ dín ohun tí ẹ sọ kù kí ó bá ohun tí ẹ rí mu: kí àkọlé sọ pé kànga mẹ́fà ni, kí ó sọ pé ìgbà òjò ni, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ nínú iṣẹ́ náà pé a kò lè tìtorí èyí sọ̀rọ̀ nípa odindi ìlú méjì. Iṣẹ́ kékeré tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣeé gbé jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ náà padà, ẹ kọ lẹ́tà èsì tí ó lọ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ da ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò kọ bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ sí abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ohun tí ẹ ṣe sí i àti ojú ìwé tí àtúnṣe náà wà. Ibi tí ẹ kò bá ti gbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, nítorí olùyẹ̀wò lè ṣì í gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣì í. Ẹ má fo ẹyọ kan. Èyí tí ẹ bá fò ni yóò kọ́kọ́ wá.

Kí n sọ òtítọ́ ọkàn mi, olùyẹ̀wò kìíní tó fi ìlà mẹ́rin yìn yín ni ìwé rẹ̀ kò bá mi lára mu. Ẹni tó kọ ojú ìwé mẹ́ta ti fi wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní san owó rẹ̀ jókòó ti iṣẹ́ yín. Nígbà tí mo wà ní ipò yín, irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé bá mi, inú bí mi, mo sì jù ú sínú àpótí fún odidi oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo tún kà á ni mo rí i pé òótọ́ ni: iye tó wà nínú tábìlì kejì mi kò bá èyí tó wà nínú àlàyé mi mu. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ mi ni ì bá wà lórí rẹ̀ títí láé.

Ẹni tó ju èmi àti ẹ̀yin lọ ti bínú rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1936, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Albert Einstein àti Nathan Rosen, fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà Physical Review ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ìgbì òòfà (gravitational waves) tí àwọn onímọ̀ ń wí kò sí. John Tate tó jẹ́ olóòtú fún olùyẹ̀wò kan ní iṣẹ́ náà, ìyẹn sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Inú bí Einstein. Ó kọ̀wé pé títẹ̀ ni òun fi ránṣẹ́ fún, òun kò ní kí wọ́n fi han onímọ̀ kankan, ó sì gbà á padà. Ó gbé e lọ sí Journal of the Franklin Institute. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ ní 1937, ó ti yí ìparí rẹ̀ padà, nítorí Howard Robertson, onímọ̀ kan ní Princeton, ti fi ibi tí àṣìṣe náà wà han Leopold Infeld tó ń bá Einstein ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú wọn ni àkọsílẹ̀ Physical Review fi hàn pé Robertson gan-an ni olùyẹ̀wò tí Einstein bínú sí. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín lọ sí ibòmíràn láì tún un ṣe, Olùkọ́ wa, ó ṣeé ṣe kí ó tún bọ́ sí ọwọ́ ẹni kan náà, nítorí àwọn tó mọ kànga kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lọ́dọ̀ gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òfì ni mo ń tà ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin. Ọmọ mi obìnrin ń ka ìwé fún oyè kejì. Àwọn kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, wọ́n yìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ní bó bá san dọ́là 200, wọn yóò tẹ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta nínú jọ́nà gbogbo àgbáyé. Ó ní kí n bá òun wá owó náà. Ṣé òótọ́ ni wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin Ìyá wa, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè ọmọ. Ẹ má san án. Kì í ṣe owó tí wọ́n béèrè nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn jọ́nà gidi wà tó ń gba owó kí gbogbo ayé lè ka iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn a máa kọ iye owó náà síta kí ènìyàn tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti yẹ iṣẹ́ wò tí wọ́n sì gbà á ni wọ́n sábà máa ń béèrè rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a sì máa dín in kù tàbí kí wọ́n fò ó fún àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló tú àṣírí àwọn ti yín yìí. Ẹ ti gbọ́ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́ ohun tó ń gba oṣù márùn-ún. Nínú ọjọ́ mẹ́ta, olóòtú kò tíì rí olùyẹ̀wò kan.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó mọ aṣọ òfì rà kì í wo iwájú rẹ̀ nìkan. Yóò yí i padà, yóò fi ìka wá ibi tí òwú ti já tí wọ́n so ó. Àwọn tó kọ̀wé sí ọmọ yín kò yí aṣọ padà rárá, owó ni wọ́n ń kà. Ní ọdún 2013, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ John Bohannon gbé ìdánwò kan kalẹ̀, jọ́nà Science sì tẹ àbájáde rẹ̀. Ó kọ iṣẹ́ irọ́ nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe tí olùyẹ̀wò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gbójú fò sínú rẹ̀, ó fi orúkọ àròsọ àti ilé-ẹ̀kọ́ àròsọ ní ilẹ̀ Áfíríkà sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Jọ́nà 157 ló gbà á. Ó dùn mí pé ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe àwọ̀ fún irọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Kí ọmọ yín wá orúkọ jọ́nà náà lórí African Journals Online, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 fún àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, tàbí lórí DOAJ (Directory of Open Access Journals), tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 fún àwọn jọ́nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí ó mú orúkọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ olóòtú wọn, kí ó kọ̀wé sí i ní fásitì rẹ̀ láti béèrè bóyá ó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Kí ó ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí wọ́n ti tẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀. Kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ han olùdarí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí iṣẹ́ tó bá ti bọ́ sí ọwọ́ irú wọn kì í rọrùn láti gbà padà, jọ́nà gidi kò sì ní gba ohun tí wọ́n ti tẹ̀ síbòmíràn.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ọ̀fà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá àwọn ìyá tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára sọ̀rọ̀. Wọ́n a máa sọ pé ìwé àwọn òyìnbó ló sọ pé kò dára. Bí àwọn olùyẹ̀wò bá ń yẹ iṣẹ́ wò lóòótọ́, báwo ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe jáde?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ìwé tí àwọn ìyá yẹn ń tọ́ka sí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ni èyí tí Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú jọ́nà Lancet ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1998. Ọmọdé 12 péré ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, wọ́n sì mú kí ayé máa rò pé abẹ́rẹ́ MMR tó ń dènà measles lè fa autism, ìyẹn ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọdé. Àwọn olùyẹ̀wò kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wà lórí ìwé ni olùyẹ̀wò ń rí. Ó lè rí i pé ìṣirò kò bára mu, pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣèwádìí kò lè mú wọn dé ibi tí wọ́n ní àwọn dé, pé ẹ̀rí kéré ọ̀rọ̀ pọ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, kò sì ka fáìlì aláìsàn. Bí òǹkọ̀wé bá fi irọ́ kún un láti ìpìlẹ̀, tí ó sì tò ó dáadáa, ó lè kọjá lára ẹni tó gbọ́n jù lọ. Láti 2004 ni akọ̀ròyìn Brian Deer ti ń tú iṣẹ́ yìí wò, ó rí i pé Wakefield ti gba owó lọ́wọ́ àwọn lọ́yà tó fẹ́ pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́, kò sì sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn wádìí lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, wọn kò rí ohun tó so abẹ́rẹ́ náà pọ̀ mọ́ autism. Ní 2010, Lancet kéde pé àwọn kó ìwé náà kúrò nílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan náà.

Ọdún méjìlá ti pẹ́ jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, nítorí àwọn ọmọ ló san gbèsè rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìyá kan bá tún sọ fún yín pé ìwé òyìnbó ló sọ ọ́, ẹ lè dá a lóhùn pé àwọn tó tẹ ìwé náà fúnra wọn ti kọ gàdàgbà sí ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e mọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó tẹ ìwé kì í ṣe ìbúra pé òótọ́ ni. Ó túmọ̀ sí pé àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kà á, pé wọ́n sì rí i pé ó yẹ kí àwọn yòókù gbé e yẹ̀ wò. Bí a ṣe ń ṣe é lónìí kò sì tíì pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Nígbà tí Henry Oldenburg bẹ̀rẹ̀ jọ́nà Philosophical Transactions ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1665, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa ohun tí wọn yóò tẹ̀. Jọ́nà Nature tí gbogbo ayé mọ̀ kò sọ àyẹ̀wò yìí di dandan fún gbogbo àpilẹ̀kọ títí di 1973.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Màlété. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé wọ́n ń sanwó fún àwọn olùyẹ̀wò? Kí ló dé tí wọ́n ń fi orúkọ wọn pamọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, wọn kì í sábà sanwó fún wọn. Olùkọ́ tí ẹlòmíràn ti ka iṣẹ́ rẹ̀ rí ni òun náà ń ka ti ẹlòmíràn. Ní ti orúkọ, ó ní jọ́nà tó jẹ́ pé olùyẹ̀wò mọ òǹkọ̀wé ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò mọ̀ ọ́n. Ó ní èyí tí àwọn méjèèjì kò ti mọ ara wọn. Ó sì ní àwọn díẹ̀ tó ń gbé gbogbo rẹ̀ síta. Wọ́n fi í pamọ́ kí olùkọ́ kékeré lè sọ ibi tí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ti kù díẹ̀ káàtó láì bẹ̀rù ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà yóò jókòó níwájú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéga. Nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tí mo ti wá, kò rọrùn, nítorí bí àpilẹ̀kọ bá ti lè dá lórí oríkì Ọ̀fà báyìí, ènìyàn ti mọ ọwọ́ tó kọ ọ́ kí ó tó parí ojú ìwé kìíní. Bí o bá dé ipò yẹn tí o sì mọ ẹni náà, sọ fún olóòtú. Má ṣe fi iṣẹ́ tí wọn kò tíì tẹ̀ han ẹnikẹ́ni láì gba àṣẹ, má sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò; àṣírí oníṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀pọ̀ jọ́nà ló sì ti fòfin de é.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mo gba àpilẹ̀kọ kan rí láti yẹ̀ wò, mo sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán ni mo gbọ́ pé ìgbéga ẹni tó kọ ọ́ kọjá ọdún yẹn nítorí pé kò rí ìwé pé wọ́n ti gbà á. Láti ìgbà náà, bí olóòtú bá kọ̀wé sí mi, n kì í jẹ́ kí ó ju ọjọ́ méjì lọ kí n tó fèsì, bí n kò bá sì ní lè ṣe é, mo máa ń fún un ní orúkọ ẹni méjì tó lè ṣe é.